Oṣù Mẹ́ta Pẹ̀lú Àwọn Ìyàwó Ilé Wa ní Agbowó

Sátidé, 24 Júùnù, 1995

Mo dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lójú ọ̀nà láti Kùmásì, nígbà tí mọ́tò sì já wa sílẹ̀ ní Ṣáléǹjì, òjò ló pàdé wa. Gbogbo ẹrù mi rin gbindin. Ìwé yìí nìkan ló gbẹ, torí mo fi í sáyà. Bàbá mi ló rà á fún mi. Wọ́n ní, "Láwùmí, Yorùbá ni kí o fi kọ ọ́ o. Bí o bá padà dé, èmi ni n ó kà á." Ẹni tó kúrò nílé lọ́dún 1957, tí kò wẹ̀yìn wò mọ́, òun ló ń rán mi wálé! Mo ti gbọ́, Bàbá.

Alájì Mùstàfá, àbúrò wọn, ló wá pàdé mi. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Imú ẹ̀gbọ́n mi rèé lójú obìnrin," ni omi bá bọ́ lójú wọn. Nígbà tí a dé Agbowó, àwọn ìyàwó ilé tú jáde wá wò mí. "Ọmọ Gáná dé o! Ẹ wá wò ó, ó gbọ́ Yorùbá!" Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Mọ́ńdè, 26 Júùnù

Alájì pè mí sí gbọ̀ngán iwájú ilé, níbi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé ti ń bẹ̀ wọ́n pé àwọn fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó wà lódìkejì títì ni oníbàárà wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣòwò ń bẹ̀bẹ̀ fún gbọ̀ngán yìí kan náà.

Alájì ní, "Títí Sẹ̀tẹ́ńbà ni mo fún ọ. Ẹnì kan yóò wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbà. Bí obìnrin méjìlá bá dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì lè kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn ló ni gbọ̀ngán, ìwọ ni tíṣà wọn. Bí wọn ò bá pé méjìlá, oní-fídíò á kó wọlé lọ́jọ́ kìíní Ọ́kítóbà."

Mo ní mo gbà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Àṣàǹtí ní Gẹ̀ẹ́sì, títí kan àwọn tó ń bú mi láàárín ara wọn tí wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Obìnrin méjìlá kọ́ ni yóò dójú tì mí.

Àlàmísì, 29 Júùnù

Ó ti bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn mẹ́rìnlá wọlé, olúkúlùkù pẹ̀lú àpótí ìjókòó tirẹ̀. Ìyá Hàrúnà ló ṣíwájú wọn. Àwọn ni ìyàwó àgbà Alájì, àwọn ló ń ta mílíìkì, súgà àti gààrí níwájú ilé. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń sọ orúkọ ara ẹni, ó dùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ní kí olúkúlùkù sọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀kíní ń wo ilẹ̀, ẹ̀kejì ń tún gèlè rẹ̀ wé. Mo tún un sọ, ẹnu wọn kò là. Mo bi Ìyá Hàrúnà, wọ́n kọjú sí ògiri. Inú wá bí mi. Mo ní, "Àbí ẹ ò mọ orúkọ ọkọ yín ni?"

Ìyá Hàrúnà dìde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n jáde. Gbogbo àwọn yòókù tẹ̀lé wọn.

Sátidé, 1 Júláì

Àwọn mẹ́ta péré ló wá. Àpínkẹ́ wà nínú wọn, ìyàwó Hàrúnà, àkọ́bí Alájì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá wa padà sílé bàbá wa ni? Ta ní í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gbàgàdà bí ẹni ń pe ajá?"

Ó wá là mí lóye. Kì í ṣe ọkọ nìkan. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nínú ẹbí yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, lọ́kùnrin lóbìnrin, títí dórí ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ tó dùn fún wọn. Àbúrò Hàrúnà kan, Eyínfúnjowó ni Àpínkẹ́ ń pè é. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà sanra bí àpò gààrí.

Ojú tì mí, ká má purọ́. Àṣàǹtí ni ìyá mi, "Sàídì!" ni wọ́n ń kígbe láti ilé ìdáná tí bàbá mi fi ń jẹ́ ẹ. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ Ìyá Hàrúnà lójú gbogbo oníbàárà. Wọ́n ń wọn gààrí, wọn ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Dìde. Ẹni tí kò mọ̀, kò mọ̀ náà ni. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Mọ́ńdè, 10 Júláì

Mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Bàbá, mo sì ra ṣọ́ọ̀kì. Páálí kan ti gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń tà á ní kí n tètè ra méjì kó tó tún gùn sí i. Mo ra méjì.

Mo ti yí ẹ̀kọ́ náà padà. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ọkọ wọn, òun la ń tú sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Yéè! Ẹ wá wo ẹ̀rín! Àpínkẹ́ dìde, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ òun kékeré ni Eyín-tó-funfun-ju-owó-lọ, ó ń lọ sí iléèwé, ó fẹ́ràn ẹ̀wà. Kò ṣàṣìṣe kan. Àwọn obìnrin àdúgbò dúró lójú fèrèsé. A di mẹ́rìndínlógún.

Àlàrùba, 19 Júláì

Òjò láti àárọ̀. Páànù gbọ̀ngán ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pariwo ABC bí ẹni tó ń jà. Àwa la ṣẹ́gun.

Àlàmísì, 27 Júláì

Ohun kan ń dùn mí, n ó sọ ọ́ níbí, torí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kan ni mo ti wà nílé yìí, Ìyá Hàrúnà kò tíì fi orúkọ kàn mí rí. Àwọn yòókù ń sọ pé "Tíṣà" tàbí "Tíṣà Gáná". Ìyá Hàrúnà, rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ mi, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí mo bá wà níwájú wọn, wọ́n á ní, "Ẹni tó ń kọ́ wa, ṣé báyìí ni?" Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbé mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, ewé rẹ̀ á ṣì gbóná. Oúnjẹ wà, orúkọ ò sí. Ṣé torí pé ìyá mi kì í ṣe ará ibí ni? Ṣé àlejò ni n ó máa jẹ́ ní Kùmásì, tí n ó tún máa jẹ́ ní Agbowó? Lọ́hùn-ún, wọ́n ń pè mí ní ọmọ Láàtì, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá. Níhìn-ín, ọmọ Gáná. Ó dùn mí gan-an ni.

Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà o. Inú mi ò bàjẹ́ débẹ̀.

Àlàrùba, 9 Ògọ́ọ̀sì

Ọdún Mọ́lúdì. Kò sí kíláàsì. Mo jẹun títí n kò lè dìde.

Àtàláátà, 15 Ògọ́ọ̀sì

Lónìí, inú mi dùn bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ he.

Àpínkẹ́ ló sọ fún mi nígbà kan ohun tó gbé Ìyá Hàrúnà dé kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá rajà lọ́dún tó kọjá, ó sọ nǹkan sí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Hàrúnà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ọmọ kan tú u fún wọn pé àwọn gan-an ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò ṣí ìsọ̀.

Lónìí, ọmọkùnrin kan tó wọ dígí dúdú wá. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà pé èló ni mílíìkì, èló ni súgà, ṣé kò lè dín in kù. Ìyá Hàrúnà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Wọ́n nawọ́ sí páálí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ iye ọjà sí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "A ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ Yunifásítì ni ọ́. Kà á."

Ọmọ náà yọ dígí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Èmi tí mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo fò sókè, mo forí gbá igi fèrèsé. Ó ń ro mí títí di báyìí, mi ò sì kọ̀.

Àtàláátà, 22 Ògọ́ọ̀sì

Ìyá Hàrúnà ń fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí gbogbo wa ń kọ orúkọ ọjà, àwọn ń kọ nǹkan mìíràn sí síléètì wọn, wọ́n fi ọwọ́ òsì bò ó. Bí mo ṣe sún mọ́ wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún kíákíá. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Wọ́n ní, "Kò tíì dára." Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ẹ̀kọ́ ń wúwo fún wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Àlàmísì, 31 Ògọ́ọ̀sì

A ti kù sí méjìlá géérégé. Ẹnì kan bímọ, ẹnì kan tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ Ṣakí, méjì ní àwọn ò lè pa ọjà tì mọ́. Bí ikọ́ bá kàn wọ ẹnì kan lọ́rùn, ó tán.

Oní-fídíò wá lónìí pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, ó ń wọn ògiri. Mo ní kí ló ń wọ̀n. Ó ní, "Ibi tí tẹlifíṣọ̀n máa jókòó sí ni, àǹtí." Mo ní kó wọn ẹnu ọ̀nà náà, kó lè mọ bí yóò ṣe gba ibẹ̀ jáde. Àpínkẹ́ ṣubú lé ilẹ̀, ẹ̀rín pa á.

Àlàrùba, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkànlélógún. Wọ́n to ìbéèrè wọn sí abẹ́ rẹ̀: orúkọ rẹ, iṣẹ́ rẹ, orúkọ ọkọ rẹ, orúkọ olórí ilé, orúkọ tíṣà rẹ. Ẹni tí kò bá dáhùn gbogbo rẹ̀, kò yege.

Nígbà tí mo kà á fún wọn, Àpínkẹ́ ní, "Ó parí."

Mo gun ọkadà lọ sí ọ́fíìsì lọ ṣàlàyé. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò bínú, ó kàn ní bí ìwé ìbéèrè ṣe rí fún gbogbo ìpínlẹ̀ nìyẹn. Mo padà wá bá Alájì. Alájì dára lẹ́ni, wọ́n pe àwọn ìyàwó jọ, wọ́n ní, "Mo yọ̀ǹda. Lọ́jọ́ náà, ẹ pè mí lórúkọ, mi ò ní bínú."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ìyá Hàrúnà ló dáhùn, ohùn wọn tutù: "Alájì, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè yọ̀ǹda ohun tí kì í ṣe tiyín. Ìyá tó bí yín ló gbà mí sílé, àwọn ni mo ṣèlérí fún, wọ́n sì ti kú." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ẹni tó ń kọ́ wa, fi í sílẹ̀. Èmi ni ìyálé. Èmi ni n ó kọ́kọ́ jókòó níwájú rẹ̀."

Àlàrùba, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀la ni. Mi ò lè jẹun. Mo ti ká aṣọ mi sínú àpótí, bí ó bá lọ bí kò ṣe yẹ.

Àlàmísì, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, èmi ni mò ń dá a padà sí Yorùbá fún yín.

Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni dé láago mẹ́rin, ọmọ Èkìtì tín-ín-rín kan tó wọ dígí, ìwé ìbéèrè rẹ̀ wà lábíyá. Alájì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Oní-fídíò náà wá, ó dúró níta, ó káwọ́ gbera. Àwọn méjìlá wọ aṣọ tó mọ́ jù lọ.

Ìyá Hàrúnà lọ jókòó síwájú rẹ̀. Ó bi wọ́n ní orúkọ wọn. Wọ́n ní Zùwáírátù. Ó bi wọ́n ní iṣẹ́ wọn. Wọ́n ka ọjà wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún bi í bóyá ó ń mu tíì, kí wọ́n ta mílíìkì fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó sàmì sí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n pé, "Kí ni orúkọ ọkọ yín?"

Alájì ń wo àjà. Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni tún bi wọ́n. Ó ní, "Ìyá, bí ẹ ò bá dáhùn, òdo ni mo máa kọ síbẹ̀ o." Bírò rẹ̀ ti kan ìwé. Mo rí ẹ̀rín oní-fídíò láti ibi tí mo wà.

Ìyá Hàrúnà dìde. Mo rò pé wọ́n ń jáde lọ bíi tọjọ́sí ni. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n lọ sí ibi pátákó, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́tà ńlá ńlá, ó wọ́ díẹ̀: ALHAJI MUSTAFA. Wọ́n gbọn ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, ẹ kà á. Ẹnu mi, rárá. Ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni."

Háà! Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngán yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ dé Bódìjà. Àpínkẹ́ ti gun orí àpótí ìjókòó. Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni yọ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ọdún kejìlá rèé tí ìyàwó mi ti ń pè mí ní Bàbá Tómilọ́lá. N ó lọ ra ṣọ́ọ̀kì fún un." Ó sàmì. Alájì rọra ka orúkọ ara wọn látorí pátákó, bí ẹni pé àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n.

Olórí ilé náà, orúkọ kan náà ni. Ó wá ku ìbéèrè kan. "Kí ni orúkọ tíṣà yín?"

Mo mí kanlẹ̀, torí èyí rọrùn. Kí wọ́n kàn ṣí ẹnu sọ ọ́. Ìyá Hàrúnà wò mí. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé wọn ò pe orúkọ yìí rí, àbí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n? Wọ́n tún yíjú sí pátákó. Lábẹ́ orúkọ ọkọ wọn, wọ́n kọ ọ́, èyí kò wọ́ rárá, bí ẹni tó ti ń fi síléètì dán an wò tipẹ́: LAWUMI.

Mo gbàgbé pé ìdánwò là ń ṣe. Mo ní, "Ìyá, ẹ pè mí. Èmi yọ̀ǹda."

Wọ́n ní, "Ìwọ náà ò lè yọ̀ǹda." Wọ́n dá Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì: "Ọmọ ilé ni. Mo bá a nílé."

Àwọn méjìlá ló yege. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dìde lọ sí pátákó, títí tí orúkọ ọkọ fi kún ibẹ̀ bámúbámú. Oní-fídíò ká okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, ṣùgbọ́n mo rí i dáadáa.

Nígbà tí àlejò ti lọ, mo jókòó ti Ìyá Hàrúnà ní ìsọ̀ wọn. Mo ní, "Ìyá, Kùmásì ni wọ́n bí mi sí. Báwo lẹ ṣe bá mi nílé?"

Wọ́n ní, "Lọ́dún 1961, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé wọ́n bímọ. Nínú yàrá tí o ń sùn yẹn ni ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n se oúnjẹ, wọ́n pe àlùfáà, gbogbo ilé jẹ, wọ́n wá fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí Gáná. Ibí ni orúkọ rẹ ti lọ bá ọ. Lọ́dún 1962 ni wọ́n gbé mi wọlé. Wọ́n mú mi yí ká ilé, wọ́n ka gbogbo ọkọ mi fún mi. Wọ́n kà ọ́ mọ́ wọn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yẹra fún orúkọ rẹ, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ojú rẹ rí."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò fún mi ní orúkọ tiwọn nígbà tí mo dé. Wọ́n ní, "Mo ní láti wò ọ́ ná. A kì í fi ìkánjú sọ ọkọ lórúkọ." Wọ́n bu gààrí sínú ike oníbàárà kan, wọ́n gba owó, wọ́n wá ní, "Ọ̀nà-ò-jìn. N ó máa pè ọ́ ní Ọ̀nà-ò-jìn."

Mo sunkún, Bàbá. Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ra súgà.

Jímọ́ọ̀, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti tú aṣọ mi kúrò nínú àpótí. Mi ò padà sí Kùmásì mọ́ lóṣù yìí. Ìwé yìí ni n ó fi ránṣẹ́ láti Dùgbẹ̀, bí ẹ bá kà á tán, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e padà wá.

Mi ò nu pátákó. Láàárọ̀ yìí, mo ṣì wà nínú yàrá tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ, mo gbọ́ ohùn Ìyá Hàrúnà láti ìta, kò sí àtẹ́wọ́ kankan: "Ọ̀nà-ò-jìn o! Wá gba mọ́ínmọ́ín rẹ!"

Mo dáhùn kí wọ́n tó pè é lẹ́ẹ̀kejì.